Iná Oko Kò Mọ Ààlà
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Ìbídò, Ṣàgámù

Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ìdí nìyí tí mo fi ní kí a sọ̀rọ̀ iná oko lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún kan, èmi fúnra mi dáná sun pàǹtí lóko ẹ̀gẹ́ mi lọ́sàn-án gangan. Mo rò pé apá mi á ká a. Afẹ́fẹ́ yí padà, iná fo ààlà, ó wọ oko obì aládùúgbò mi. Kí a tó rí èèyàn mẹ́fà kó jọ, igi obì tí bàbá rẹ̀ gbìn ti jóná. Kò pè mí lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó ti yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, èmi gan-an sì ni onídùúró rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: èmi náà ni mo bá a san gbèsè náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan. Ní 1983, nígbà ọ̀dá ńlá, iná jó oko kòkó káàkiri ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ti Gánà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi pa wọ́n lọ́dún náà. Ìjọba wọn ṣòfin iná ìgbẹ́ ní 1983. Òfin nìkan kì í paná, nítorí náà òfin tuntun ti 1990 fi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́: ìgbìmọ̀ iná àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí a kọ́ níṣẹ́. Amẹ́ríkà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo mọ́tò panápaná wọn, iná ìgbẹ́ jó ìlú Paradise ní Kalifóníà ní oṣù kọkànlá 2018, èèyàn 85 sì kú.

Ẹ wo oko tiwa. Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólówọ̀, ti bo ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, á máa jó bí ẹni tó da kẹrosíìnì sí i. Iná tó ń rìn nílẹ̀ nínú ewé gbígbẹ lè pa igi kòkó, nítorí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tí a bá fi rọ́pò rẹ̀ á tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Gbèsè kò ní dúró dè é.

Ohun tí mo mú wá nìyí.

Ìkínní, kí oṣù kọkànlá tó parí, kí a ro ààlà oko kọ̀ọ̀kan yíká ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí a gbá ewé gbígbẹ kúrò títí ilẹ̀ fi hàn. Àáró ni kí a fi ṣe é.

Ìkejì, ẹni tó bá fẹ́ sun oko, kó sọ fún aládùúgbò. Ìrọ̀lẹ́ ni kó ṣe é, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kó má dá a ṣe, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù. Ọdẹ tó ń fi èéfín lé òkété, ẹlẹ́mu, àti ìyá tó ń yan gàrí lóko, ọ̀rọ̀ kàn yín.

Ìkẹta, kí a pe àwọn panápaná wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù ń lu iná pa. Páǹpù tí a fi ń fín kòkó, bí a bá fọ̀ ọ́ mọ́, á gbé omi. Ẹ má dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ iná lọ, ẹ má sì sá gun òkè níwájú rẹ̀. Bí ó bá ká yín mọ́, ibi tó ti jó tán ni kí ẹ wá ọ̀nà bọ́ sí. Kí a mọ ìró agogo tó túmọ̀ sí iná, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí yóò gbé arúgbó kọ̀ọ̀kan kúrò sílẹ̀.

Ìkẹrin ló le: kí ẹnikẹ́ni má gba owó oko lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi rí ààlà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé, opó ńkọ́, arúgbó ńkọ́? Tiwọn ni kí àáró kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí.

Ìbídò wà lára àwọn ìlú tó kóra jọ di Ṣàgámù láyé ogun, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé ìlú kan kò lè dá dúró. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ ti iná yìí. Kí a tó túká lónìí, ẹ jẹ́ kí a dìbò lórí ìkẹrin yẹn. Èmi ni n ó kọ́kọ́ nawọ́.