Ẹnu Ẹ̀fẹ̀ àti Gègé: Ta Ni Ó Lè Bá Aláṣẹ Wí?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Pobẹ̀ àti ní Sákété, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ yín!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí àwọn tí ń bá aláṣẹ wí ní gbangba: akọrin ẹ̀fẹ̀, oníwèé-ìròyìn, àti àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú. Kí ni ó ń dáàbò bò wọ́n? Kí ni ojú wọn rí? Kí sì ni èyí fi kan àwa tí a ń kọ́ a, b, d?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Gbogbo yín ni ẹ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn àgbà Kétu sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ṣẹ̀. A ń ṣe é láti júbà Ìyá Nlá àti gbogbo àwọn ìyá wa, lẹ́yìn ìkórè, tàbí nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ní òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde ní ojú ọjà. Ó kọ́kọ́ júbà, ó súre fún ìlú. Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí: ọkọ tí kò bọ́ ilé, olófòófó, ọ̀lẹ, olóyè tí ń jẹ owó ìlú. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá á á tẹrí ba. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àṣà kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú akọrin náà nítorí ohun tí ó kọ.

Kí ló fà á? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, ó júbà kí ó tó sọ̀rọ̀. Èkejì, gbogbo ìlú ni ó pé síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ìlú ni ó rán an. Ẹni tí ó bá nà án, ìlú ni ó nà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí orin kúrò ní ojú ọjà. Ní 1964, Hubert Ògúndé ṣe eré kan tí ó pè ní Yorùbá Ronú, ó fi bá àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wí. Ìjọba ibẹ̀ fi òfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀. Ní 1976, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé àwo orin Zombie jáde, ó fi àwọn sójà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í ronú fún ara wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní 1978.

Ẹ̀fẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwo orin kò ní ojú ọjà tí yóò yí i ká. Ìjọba tí ó gbọ́ ọ kò gbà pé ìlú ni ó rán an.

Ẹni tí ń kọ̀wé kò tilẹ̀ ní ìlù tí yóò fi bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé. Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, jẹ́ tíṣà kí ó tó di oníwèé-ìròyìn. Ó kọ̀wé tako ìwà àwọn gómìnà Faransé ní Dàhòmì. Ní 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san àlékún owó orí. Ìjọba di ẹ̀bi rù ú, wọ́n lé e lọ sí Móríténíà fún ọdún 10. Níbẹ̀ náà kò ju gègé nù: ó kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn ṣe ẹrú ní ilẹ̀ náà.

Kì í ṣe ayé àwọn òyìnbó nìkan. Ní oṣù kejìlá 2019, oníròyìn kan ní orílẹ̀-èdè wa, Ignace Sossou, kọ ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ ní ìpàdé kan sí orí Twitter. Agbẹjọ́rò náà ní ó já ọ̀rọ̀ òun gbà lójú ọ̀nà. Ilé-ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 18, lábẹ́ òfin tí ó de ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣe ní 2018. Nígbà tí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dín in kù, ó sì jáde ní oṣù kẹfà 2020. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Ṣé kí a wá pa ẹnu mọ́ ni? Rárá o. Ẹ wo àwọn obìnrin Abẹ́òkúta.

Ìyá Fẹlá tí mo dárúkọ lókè yìí, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tíṣà ni òun náà. Ní nǹkan bí 1944, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Nínú kíláàsì yẹn ni àwọn ìyá ti sọ ìnira wọn: wọ́n ń gba ìrẹsì wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bu owó orí lé obìnrin lọ́tọ̀. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n lọ sí iwájú ààfin, wọ́n fi orin bú Aláké. Ṣùgbọ́n wọn kò fi orin nìkan ṣe é. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n béèrè ìṣirò owó. Ní 1948, wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé Aláké padà sórí oyè ní 1950. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹ má fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti lè kọ orúkọ yín. Ẹni tí ó bá sùn lẹ́yìn ìṣẹ́gun, wọn á gba èrè rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Orin lè sọ pé owó ọjà sọnù. Ṣùgbọ́n iye tí ó sọnù, ọjọ́ tí ó sọnù, ọwọ́ ẹni tí ó wà, ìwé ni ó lè sọ èyí. Orin ń mú kí ojú ti olè. Ìwé ni ó ń mú kí ó dá owó padà. Àwa nílò méjèèjì.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gba owó lọ́jà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ ka iye tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ ra kàyé kan fún ẹgbẹ́ yín, ẹ máa kọ ọjọ́ àti iye sí i. Bí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé kọmúùnù, ẹ má kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé ewé ni. Bí ẹ bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹnìkan sọ, ẹ kọ ọ́ tán, ẹ má gé e ní àárín. Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè, ẹ má rán ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ lọ pọ̀, kí gbogbo orúkọ wà nísàlẹ̀ ìwé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìlú ti ń yí Ẹ̀fẹ̀ ká.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ mú kàyé yín, ẹ mú gègé yín. Ó di ìpàdé wa ní kíláàsì.