Ìlà Tí Ó Ń Sọ Ìṣe Odò



Òjò tí ó bá rọ̀ sórí òrùlé wa ní Mápó, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà, ìsàlẹ̀ ni ó ń ṣàn lọ, sínú odò Ògùnpa àti Kúdẹtì. Kí ẹgbẹ́ tó yá ẹnikẹ́ni lówó láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí odò, ó yẹ kí a mọ ìṣe odò náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ jẹ́ kí a yà á sórí ìwé.

Ẹ mú ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé, èyí tí ó ní àpótí kéékèèké. Ẹ to oṣù méjìlá sí ìsàlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ to gíga omi sí ẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kun ìwọ̀n sí ẹsẹ̀ afárá, kí ẹnìkan máa kà á láràárọ̀. Ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ sì fa ìlà láti àmì dé àmì. Kí ọdún kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí ìwé kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìpíndọ́gba. Ní Ìbàdàn, òjò a máa dẹwọ́ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Bí a bá ya ìpíndọ́gba oṣù nìkan, ìlà yóò rẹlẹ̀ níbẹ̀, ọkàn ọlọ́jà yóò sì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni Ògùnpa kún tí ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ ṣòfò. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé tún gbé ènìyàn àti afárá lọ ní ìlú yìí. Bí ìwé owó náà ló rí: ìpíndọ́gba ọdún kì í fi ọjọ́ kan ṣoṣo tí àpótí gbẹ hàn.

Nítorí náà, ẹ fi àmì dúdú sí ibi tí omi ga dé jù lọ lọ́dọọdún. Odò kékeré bí Ògùnpa lè kún lóru kí ó sì fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ń kà á láàárọ̀ kò ní í rí i. Ẹ wọn ipa ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri.

Àmì dúdú yìí ni kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa wò. Ṣọ́ọ̀bù ìtòsí afárá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju àmì náà lọ, kí a má fi owó ẹgbẹ́ kọ́ ọ. Owó gbogbo wa ni.