Ogun Tí Wọ́n Gbàgbé, Ìtàn Tí Kò Yẹ Ká Jẹ́ Kó Sọnù

  Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn bàbá wa tó lọ sógun. Mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bàbá arúgbó kan gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ó ti bá àwọn Faransé jagun. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mẹ́ta, wọn ò sì fẹ́ san owó rẹ̀ fún un. Mo bi í pé: "Bàbá, níbo lẹ ti jà?" Ó ní: "Ọmọ mi, òtútù ibẹ̀ ni mo mọ̀, n kò mọ orúkọ ìlú." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, n kò kọ ìtàn rẹ̀. Bàbá ti kú. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì ààlà. Àwọn ará wa tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Bọ́mà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ, ní Éṣíà, láti bá àwọn ará Jàpáàn jà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, 81 àti 82, ló ti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lọ. Inú igbó, inú òjò àti ibà ni wọ́n wà. Níbi tí ọkọ̀ kò lè gbà, orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ pàápàá ń pe ara wọn ní ẹni ìgbàgbé. Tí ẹni tó ni ogun bá di ẹni ìgbàgbé, ta ló máa rántí ọmọ Áfíríkà tó bá a ru ẹrù?

Ọmọ Yorùbá kan ló rántí. Bàbá Biyi Bandele jagun ní Bọ́mà, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ní 2007, ọmọ náà gbé ìwé àròsọ kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Burma Boy. Ali Banana lorúkọ ọmọdékùnrin inú rẹ̀, kò tíì tó ẹni tó yẹ kó gbé ìbọn. Ìwé náà ń pa ni lẹ́rìn-ín, ó sì ń pa ni lẹ́kún. Bandele kú ní 2022, ìwé rẹ̀ kò kú.

Ẹnìkan lè ní: àròsọ ni, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ gbọ́ o. Òfin Faransé kan ní 1959 ló dá owó àwọn jagunjagun ilẹ̀ wa dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn Faransé ń gòkè. Wọ́n kígbe títí, kò tó nǹkan. Ní 2006, fíìmù Indigènes ti Rachid Bouchareb jáde, lórí àwọn ọmọ Àríwá Áfíríkà tó jà láti gba Faransé sílẹ̀. Ààrẹ Chirac wò ó. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba rẹ̀ kéde pé owó ogun wọn yóò bá ti àwọn Faransé dọ́gba. Ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀, àmọ́ àròsọ ṣe ohun tí lẹ́tà kò ṣe.

Ṣùgbọ́n Bandele ní bàbá tó sọ̀rọ̀. Àwọn tiwa ń lọ láìsọ. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí olúkúlùkù ilé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, wá ìwé ogun, fọ́tò àti mẹ́dàlì tó wà nínú àpótí. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù gba ohùn àwọn ọmọ àti ìyàwó tó kù. Àwọn tó sá kọjá ààlà kí Faransé má bàa mú wọn wọṣẹ́ ogun ńkọ́? Ẹ má tijú, ìtàn ni tiwọn náà. Kábíyèsí, ẹ bá wa ní kí wọ́n kéde rẹ̀ láàfin. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa kan máa fi kọ ìwé, ní Yorùbá.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa pàdánù méjèèjì.