Kí Olùyẹ̀wò Tó Kanlẹ̀kùn: Òṣìṣẹ́ àti Ààbò Ibi Iṣẹ́ ní Maiduguri

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Maiduguri, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń múra òṣìṣẹ́ sílẹ̀ de àyẹ̀wò ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń pè ní ìmúrasílẹ̀, ẹ̀tàn ni.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́tà dé pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kíá, wọ́n ti ra ọ̀dà, wọ́n ti kun ògiri. Akoto tuntun jáde láti inú sítọ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Súpáfáísọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní bí wọ́n bá bi wọ́n bóyá a máa ń kọ́ wọn nípa iná, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo wọn mì orí. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Yóò lọ bá ẹni tó ń to àpò ìyẹ̀fun, yóò ní, "Bàbá, bí iná bá sọ níbí báyìí, ibo lẹ máa gbà jáde?" Bàbá á nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n á jọ rìn débẹ̀. Wọ́n á bá àpò tí wọ́n tò dí i títí dé àtẹ́rígbà, agádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ọ̀gá tó ti lọ sọ́jà. Kí ni ọ̀dà ara ògiri fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1987 kò gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nà tí kò fi ní lè tètè ṣí i láti inú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odogunyan, Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ló sì bá a lọ. Ti Karachi ní Pakistan tún le jù. Ilé iṣẹ́ aṣọ Ali Enterprises gba SA8000, ìwé ẹ̀rí tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń jẹ́rìí pé ibi iṣẹ́ dára fún òṣìṣẹ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, iná sọ níbẹ̀, ó pa ènìyàn tó lé ní 250. Kóòtù padà sọ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ún. Kò burú, ẹni ibi ló dáná. Àmọ́ ilẹ̀kùn títì àti fèrèsé onírin kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣáná. Ìwé ẹ̀rí ṣì tutù lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

Òṣìṣẹ́ ló mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ ni pé òtítọ́ kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí ọ̀gá àgbà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó má rán ẹnikẹ́ni. Òfin 1987 yẹn fún ìsípẹ́kítọ̀ ìjọba láṣẹ láti bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lóun nìkan, láìsí ọ̀gá nítòsí. Níbí, èdè ló máa ń ba ìyẹn jẹ́. Alábàárù tó gbọ́ Kanuri tàbí Shuwa, tí Hausa rẹ̀ kò dán mọ́rán, ni a kọ ìkìlọ̀ fún lédè Gẹ̀ẹ́sì. Olùyẹ̀wò dé, súpáfáísọ̀ ló tún di ògbufọ̀. Ta ni yóò sọ pé ọ̀gá òun kò fún òun ní ìbọ̀wọ́, tó jẹ́ pé ọ̀gá náà ni yóò túmọ̀ rẹ̀? Ẹ wá ògbufọ̀ tí kò ní ipò kankan lórí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì ṣe da ìwé ìlànà ààbò Èkó kọ fún Maiduguri. Ní oṣù Kẹrin, ooru ìlú yìí máa ń kọjá 40 dígírì. Ẹni tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní omi, ibòji àti àkókò ìsinmi, kí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, kì í ṣe ọtí ló mu: ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí ba wáyà iná ọba jẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, jẹnẹrétọ̀ gbalẹ̀ kan níbí. Afẹ́fẹ́ burúkú kan tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò láwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani sójú oorun. Ṣé ọdẹ tó ń sùn nítòsí rẹ̀ mọ̀? Nígbà tí omi ya wọ̀lú láti ìsédò Alau ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì pàápàá. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí suwíìṣì ńlá wà, ẹni tí yóò pa á, àti ibi gíga tí gbogbo wọn yóò sá sí. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú wọn.

Ó ku ìwé àkọsílẹ̀ jàǹbá. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ, tó ní ọkọ̀, tí ìwé jàǹbá rẹ̀ funfun báláú lọ́dún dé ọdún, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òṣìṣẹ́ gé ìka, ó fi àkísà wé e, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ó gbà pé bí òun bá sọ, wọn yóò fi ẹlòmíì rọ́pò òun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òfin owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún un ní ọjọ́ 14 láti fi ìfarapa náà tó ọ̀gá létí, àti pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń san owó náà, láti inú owó tí ọ̀gá ti ń dá. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sọ ohun tó ṣe wọ́n láti ọdún tó kọjá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ gan-an ni kí ẹ fi síbẹ̀. Olùyẹ̀wò tètè ń dá ìwé ọdún méjì mọ̀ tí wọ́n fi bírò kan ṣoṣo kọ lálẹ́ ọjọ́ kan.