Ta Ni Ó Ni Àga Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìkéde bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ

 

Bí àgbẹ̀ bá ru kòkó rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ olùrà, kì í kúrò nídìí òṣùwọ̀n. Ó mọ iye àpò tí ó gbé wá, ojú rẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ ṣe wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n àwa kan náà yìí, bí a bá ti dìbò tán, oko ni a ń padà sí. A kì í bèèrè mọ́ pé aṣòfin mélòó ni ó wà nínú Ilé, ẹgbẹ́ wo ni wọ́n jókòó tì, àti pé ta ni ó ń ka iye wọn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ tí ó ń jókòó ní Ìbàdàn láti ọdún 1952 títí di 1966. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ka orí ní ilé náà yóò mọ ohun tí ó gbé e ró àti ohun tí ó wó o.

Ní ọdún 1951, 80 ni àwọn aṣòfin tí a yàn. Àgbẹ̀ tí ó dìbò ní abúlé rẹ̀ kò dìbò fún aṣòfin fúnra rẹ̀. Aṣojú ni ó yàn, àwọn aṣojú ni ó sì yan àwọn mìíràn, títí ọ̀rọ̀ fi dé òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé ni ó jẹ́ pé orúkọ wọn ní ìlú wọn ni a mọ̀, a kò mọ ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí a parí ìbò, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ NCNC alákùkọ ti Dókítà Nnamdi Azikiwe bẹ̀rẹ̀ sí du àwọn ènìyàn náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn mẹ́fà tí Ìbàdàn yàn wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ tiwọn ni, èyí tí a ń pè ní Ibadan People's Party. Márùn-ún nínú wọn lọ bá Ọlọ́pẹ, Adégòkè Adélabú nìkan ni ó bá Alákùkọ dúró. Títí di òní ni àwọn àgbà ṣì ń jiyàn bóyá ọ̀dàlẹ̀ ni tàbí ẹ̀tọ́. Ohun kan ni n kò gbọ́ kí wọ́n jiyàn lé: kò sí ẹni tí ó padà lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó dìbò.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́pẹ ṣe ní iye tí ó pọ̀ jù, iye náà ni ó sì bí ìjọba. Láti inú ìjọba náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde ní oṣù kìíní ọdún 1955. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kíka orí jẹ́ eré àwọn olóṣèlú lásán. Bí iye bá yí, ìwé ọmọ rẹ àti owó orí rẹ lè yí pẹ̀lú.

Àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà mọ èyí. Owó orí tuntun wà lára ohun tí ó bí wọn nínú, nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 1954, nínú àga 42 ti Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC gba 23, Ọlọ́pẹ gba 18. Ní 1956, tí olùdìbò wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan aṣòfin Ìbàdàn, Ọlọ́pẹ gba 48, NCNC gba 32. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nínú ìbò ọgọ́rùn-ún, bí 48 ni Ọlọ́pẹ rí, bí 45 sì ni NCNC. Ìyàtọ̀ ìbò kò ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àga jẹ́ mẹ́rìndínlógún, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ìbò kan péré borí ní àdúgbò kan ni ó ni àga ibẹ̀. Nítorí náà, àwọn alátakò 32 kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ìlú ni ó wà lẹ́yìn wọn, Adélabú sì jẹ́ olórí wọn títí ikú fi mú un lójú ọ̀nà ní oṣù kẹta ọdún 1958.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, a sọ àga di 124. Ọlọ́pẹ gba 79, NCNC gba 33, Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ ti Ìbàdàn gba 10, àwọn méjì sì dá dúró. Ìdajì 124 ni 62. Ẹni tí ó bá ní 63 ni ó ní ìjọba.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, Ọlọ́pẹ pín sí méjì. Apá kan wà pẹ̀lú Awólọ́wọ̀, apá kejì pẹ̀lú Ládòkè Akíntọ́lá tí ó jẹ́ olórí ìjọba. Aṣòfin 66 fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́, wọ́n sì gbé e lọ fún Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Gómìnà yọ Akíntọ́lá ní ọjọ́ 21, ó sì fi Adégbénró rọ́pò. Akíntọ́lá ní kò ṣeé ṣe, inú Ilé ni a gbọ́dọ̀ ti ka orí. Nígbà tí Ilé sì jókòó ní ọjọ́ 25 láti kà á, a kò rí i kà. A ju àga, a fa ọ̀pá àṣẹ Ilé, ọlọ́pàá sì fi tajútajú lé gbogbo wọn jáde. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó sì gbé Dókítà Májẹ̀kódùnmí lé Ìwọ̀-Oòrùn lórí.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Èkó sọ pé ìbò inú Ilé nìkan ni a lè kà. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ti Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní oṣù karùn-ún ọdún 1963 pé ìwé àwọn 66 náà tó. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí oyè láti ọjọ́ kìíní ọdún náà. Kíá ni wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì fà á sẹ́yìn títí dé oṣù kẹwàá 1960, kí ìdájọ́ náà lè di òfo. Ẹ̀yin ará, èyí ni pé a ti wọn kòkó tán kí a tó pààrọ̀ òṣùwọ̀n.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn kò ti gba iye kankan gbọ́ mọ́. Nígbà tí àárín ìwọ̀-oòrùn ti yapa lọ ní 1963, àga 94 ni ó kù láti dìbò fún ní oṣù kẹwàá 1965. A kéde iye, ìlú kọ̀ ọ́, ilé ń jó, ènìyàn ń kú, a ń pe é ní wẹ́tíẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun pa Akíntọ́lá, Ilé náà sì di títì pa.

Lónìí, òfin ìjọba ti 1999 sọ pé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 24 tàbí kí ó ju 40 lọ. Ó tún sọ pé aṣòfin tí ó bá fi ẹgbẹ́ tí ó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù àga rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tí ó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n Olórí Ilé ni ó ní láti mú un ṣẹ, bí òun náà bá sì wà lára àwọn tí ó rékọjá ńkọ́? Ta ni yóò mú un?

Àwa ni. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ aṣòfin rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sára ògiri ibi ìpàdé. Bí ó bá yí ẹgbẹ́ padà, kí ó wá sílé wá sọ ìdí rẹ̀ lójú àwọn tí ó dìbò fún un. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo àwọn tí ó wà níbí: èyí kan ẹni tí ó bá ọ̀dọ̀ wa kúrò, ó sì kan ẹni tí ó wá bá wa. A kò lè máa lu ìlù fún ẹni tí ó wọlé tọ̀ wá, kí a sì máa pe ẹni tí ó jáde ní ọ̀dàlẹ̀. Àga kì í ṣe ti aṣòfin, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa. Ti olùdìbò ni, bí kòkó ti jẹ́ ti àgbẹ̀ títí yóò fi gba owó rẹ̀.

Ẹ má ṣe kúrò nídìí òṣùwọ̀n.