Ta Ni Ó Ń Sọ Wá Ní Orúkọ?



Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ní ayé òde-òní, ilé nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọmọ ní orúkọ mọ́.

Ní ọdún 1894, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Èkó, David Brown Vincent, bọ́ orúkọ àjèjì yìí sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Mojọlá Àgbẹ̀bí. Kò kọ Kristi sílẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ di ẹlòmíràn kí ó tó lè di ọmọ Ọlọ́run.

Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ tí a bí sí Kumasi tàbí Accra, tí wọ́n gbọ́ èdè ibẹ̀ yékéyéké. Ìwé kan ṣoṣo ni ó sọ wọ́n di àjèjì. Nígbà tí wọ́n sì dé ìlú baba wọn, àlejò ni púpọ̀ nínú wọn tún jẹ́.

Lónìí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún wa ní òǹkà 11. Ó wúlò, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Síbẹ̀, kò lè ki ènìyàn ní oríkì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi iye ẹni tí ó yin àwòrán wọn lórí Facebook díwọ̀n iyì ara wọn.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ó máa kọ ìtumọ̀ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìrìbọmi, kí àwọn àgbà sì máa kọ́ ọmọ ní oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ọmọ tí a bí sí Kano tàbí Abidjan ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣẹ ọdún 1969 ni a tún ń pa nínú ilé Ọlọ́run.

Ìhìnrere Jòhánù orí 10 kọ́ wa pé Olùṣọ́-àgùntàn rere mọ àwọn tirẹ̀, orúkọ ni ó sì fi ń pè wọ́n. Kò kọ́kọ́ béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Kí Olúwa kí ó jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Àmín.