Ajá Ọdẹ Ẹyẹ àti Orúnkún Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo bá wá lálẹ́ yìí. Kì í ṣe ajá tí ń lé ọ̀yà àti ẹtu nínú igbó wa, èyí tí ọdẹ ń so ṣaworo mọ́ lọ́rùn. Ajá ọdẹ ẹyẹ ni, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní pointer. Ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú Thomasville, ni mo ti mọ̀ wọ́n, níbẹ̀ ni mo sì ti tọ́ ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn olówó ìhà àríwá ti ń ra ilẹ̀ ńláńlá ní agbègbè yẹn nítorí ẹyẹ kan tí ó jọ àparò, ṣùgbọ́n tí kò tóbi tó o. Àwọn aláwọ̀ dúdú, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfríkà, ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń bá wọn kọ́ ajá. Àgbàlagbà kan nínú wọn ni ó kọ́ mi. “Ọmọ mi” ni ó ń pè mí, èmi náà sì ń pè é ní Bàbá.

Ẹyẹ yìí kì í tètè fò. Wọn a kó ara wọn jọ, bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn a lúgọ sínú koríko lábẹ́ igi páínì. Ajá yóò máa sáré kiri, imú rẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Bí òórùn ẹyẹ bá ti kàn án, a dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ iwájú kan lókè, ìrù nà gbọọrọ, imú kọjú sí ibi tí ẹyẹ wà. Kò ní gbó, kò ní fò mọ́ ọn. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò rìn wọlé lọ lé ẹyẹ fò, kí ó tó yìnbọn.

Dídúró yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọmọ ajá oṣù méjì tàbí mẹ́ta, bí a bá so ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ okùn tí a sì ń fà á níwájú rẹ̀, a dúró wò ó. Ṣùgbọ́n kí ó dúró pẹ́, ẹ̀kọ́ ni. Okùn gígùn ni a fi ń kọ́ ọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: dúró. Lẹ́yìn náà a ó fi ẹyẹlé sínú àpótí tí a lè ṣí láti òkèèrè. Bí ajá bá tún gbẹ́sẹ̀ síwájú, a ó ṣí i, ẹyẹlé a fò lọ, kò sí ìbọn, kò sí ẹran. Yóò mọ̀ pé sísáré kò mú nǹkan kan wá. Ní ti ìbọn, òkèèrè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ ajá bá ń lé ẹyẹ tí ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ajá tí ìbọn bá ti dẹ́rù bà, ó ṣòro kí ó tó padà bọ̀ sípò.

Ní ọjọ́ tí a ń kọ́ ọ ní fèrè, mo sọ fún Bàbá pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Tanímọ̀la ni mo sọ ajá mi, bí àwọn àgbà wa ti ń fi òwe sọ ajá lórúkọ. Àwọn ará ibẹ̀ gé e kù sí Tani. Ẹ má rò pé eré kékeré ni iṣẹ́ wọn. Ìdíje àgbà fún irú ajá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1896, tí ó ń wáyé ní Grand Junction ní Tennessee, wákàtí 3 gbáko ni ajá fi ń sáré nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù January ọdún kejì rẹ̀, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Mo wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹ̀gún ni, n kò rí nǹkan kan. Láàárọ̀ ẹsẹ̀ náà a gan, bí ara bá ti gbóná a tún sáré. Mo ń mú un lọ sóko fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá sọ fún mi pé kí n wo bí ó ti ń jókòó, pé ó ń na ẹsẹ̀ òsì sí ẹ̀gbẹ́, kò ká a sábẹ́ ara, pé itan náà sì ti fọn. “Orúnkún ni,” ni ó wí. Mo bá a jiyàn. Ní ọjọ́ kẹta ó yí padà lórí eré, ó ké, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Dókítà ẹran di egungun itan mú, ó fi ọwọ́ kejì ti egungun ojúgun, ó sì yọ síwájú bí ẹni fa àpótí inú tábìlì. Iṣan tí ó so méjèèjì pọ̀ nínú orúnkún ti já. Ó ṣàlàyé pé lára ọ̀pọ̀ ajá kì í já lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ya. Nígbà tí mo ń wá ẹ̀gún, yíya ni ó ń ya. Sísinmi lè tó fún ajá kékeré, ṣùgbọ́n ajá ńlá tí ń sáré kì í sábà ti ìyẹn padà sóko. Orí egungun ojúgun ajá dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn. Nígbàkigbà tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, egungun itan a máa yọ̀ lórí rẹ̀. Barclay Slocum àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n tẹ ọ̀nà kan jáde ní 1993: kí a fi ayùn gé egungun náà, kí a yí i títí orí rẹ̀ yóò fi tẹ́jú, kí a fi irin pẹlẹbẹ dè é.

Owó rẹ̀ ju 3,000 dọ́là lọ. Ẹnìkan ní kí n yìnbọn fún un kí n ra òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo san án.

Iṣẹ́ abẹ náà kò le tó ohun tí ó tẹ̀lé e. Egungun a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ó tó mú. Kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, okùn kúkúrú ni a fi ń mú un jáde lọ tọ̀. Mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́, nítorí bí ìdajì irú ajá bẹ́ẹ̀ ni orúnkún kejì wọn tún ń já. Láàárọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sóko, igbe rẹ̀ nínú ilé onírin kì í jẹ́ kí n lè jẹun.

Nígbà tí fọ́tò fi hàn pé egungun ti mú, a bẹ̀rẹ̀ sí rìn: ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, títí ó fi di wákàtí kan. Ní oṣù November tí ó tẹ̀lé e, mo tú u sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí péré. Ó sáré wọ abẹ́ igi páínì, ó sì dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bàbá sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin. Kí ó tó lọ lé ẹyẹ fò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orúnkún náà. Tanímọ̀la kò mira.